Orúkọ Wo Ni Ọ̀pọ̀tọ́ Yìí Ń Jẹ́? Ohun Tí Àwòrán Àtijọ́ Lè Bá Wa Sọ

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti ọ̀nà jíjìn wá. Àwòrán kan ni n ó fi bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1696, ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Bartolomeo Bimbi ya ọ̀pọ̀tọ́ fún Cosimo Kẹta, ọba ìdílé Medici tó ń ṣàkóso Tuscany ní Ítálì. Cosimo fẹ́ràn èso kọjá àfẹnusọ. Ó ní kí Bimbi ya ohun tí igi ilẹ̀ òun ń so: píà, ṣẹ́rì, èso àjàrà, ọsàn, ọ̀pọ̀tọ́, irú kọ̀ọ̀kan bó ṣe rí gan-an. Ọ̀pọ̀tọ́ inú àwòrán yẹn kún bámúbámú. Dúdú ń bẹ níbẹ̀, aláwọ̀ ewé ń bẹ níbẹ̀, èyí tó ní ọrùn bíi ṣẹ́rẹ́ ń bẹ níbẹ̀, èyí tó rí rúbútú náà ń bẹ níbẹ̀. Bimbi kò sì fi mọ sí yíyà. Ó fún àwọn èso náà ní nọ́ńbà, ó wá kọ orúkọ wọn ní ẹsẹẹsẹ sí ìsàlẹ̀ àwòrán. Iṣẹ́ náà wà ní Poggio a Caiano títí dòní, nínú ilé ńlá tó jẹ́ ti àwọn Medici nígbà kan.

Nọ́ńbà yẹn àti orúkọ yẹn ló gbé mi dìde síwájú yín lónìí. Ẹ̀ka ni wọ́n fi ń gbin ọ̀pọ̀tọ́. Ẹni tó bá rí igi tó wù ú á gé ẹ̀ka níbẹ̀, á rì í mọ́lẹ̀, ẹ̀ka á ta gbòǹgbò, ó di igi. Ẹ má pe igi kejì yìí ní ọmọ igi àkọ́kọ́ o. Ara kan náà ni wọ́n, àfi tí ìyípadà kékeré kan bá ṣèèṣì wọ inú ẹ̀ka kan lójú ọ̀nà. Igi tí Bimbi ká èso rẹ̀ lè ti kú láti ìgbà pípẹ́, kí ẹ̀ka rẹ̀ sì máa so níbòmíràn títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Èso tó máa so lọ́dún yìí lè jẹ́ èso tí ayàwòrán yẹn mú lọ́wọ́ ní 1696 gẹ́lẹ́. Èrò yìí kì í jẹ́ kí n lè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ àgbà láìdúró.

Kí n tó tẹ̀ síwájú: ọ̀pọ̀tọ́ tí mò ń wí ni èyí tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Ficus carica. Linnaeus ló kọ orúkọ náà sílẹ̀ ní 1753, carica inú rẹ̀ sì ń tọ́ka sí Caria, ilẹ̀ àtijọ́ kan ní ibi tó di Tọ́kì lónìí. Àwọn igi mìíràn wà tí èdè wa ń pè ní ọ̀pọ̀tọ́, wọn kò sí nínú ọ̀rọ̀ tòní.

Ìṣòro wa ni pé ẹ̀ka máa ń rìn, orúkọ sì máa ń já bọ́ lọ́nà. Arìnrìn-àjò á di ẹ̀ka sínú aṣọ tútù, á wọ ọkọ̀ ojú omi, á gbìn ín sí ilẹ̀ àjèjì. Ó mọ orúkọ rẹ̀, àmọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ò mọ̀ ọ́n mọ́. Aládùúgbò tó bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀ka á wá fi orúkọ ẹni tó fún un pè é. Báyìí ni igi kan ṣoṣo ṣe ń di olórúkọ mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀tọ́ tí wọ́n ń pè ní Dottato ní Ítálì ni wọ́n ń pè ní Kadota ní California. Sarılop, èyí tí ilẹ̀ Smyrna ní Tọ́kì fi lókìkí, dé California ó di Calimyrna: wọ́n gé orúkọ California, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ Smyrna. Òdìkejì rẹ̀ tún ń ṣẹlẹ̀, ìyẹn ló sì burú jù lójú tèmi. Brown Turkey tí àwọn ará England mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí àwọn àgbẹ̀ California ń pè ní Brown Turkey. Ẹni méjì lè máa sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, kí wọ́n gbà pé ọ̀rọ̀ àwọn yé ara àwọn, nígbà tó jẹ́ pé igi méjì ni wọ́n ń sọ.

Àwọn bàbá wa ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Igi tó ti pàdánù orúkọ rẹ̀, ilé wo la fẹ́ wò? Ìwé lásán kò tó. Cato ará Róòmù ka orúkọ oríṣiríṣi ọ̀pọ̀tọ́ sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ lórí iṣẹ́ oko, ní ohun tó lé ní 2,100 ọdún sẹ́yìn: ti Áfíríkà, ti Herculaneum, ti Saguntum, àti dúdú kan tí ọ̀pá rẹ̀ gùn. Orúkọ wà, kò sí ara tí a lè fi í lé. Ní Oplontis, lẹ́bàá Pompeii, àpẹẹrẹ òdìkejì rẹ̀ wà lára ògiri: agbọ̀n ọ̀pọ̀tọ́ kan tí wọ́n yà dáadáa, tí eérú òkè oníná Vesuvius bò mọ́lẹ̀ ní ọdún 79. Ara ti wà níbẹ̀, kò wá sí orúkọ. Àwọn ìwé egbòogi ńlá bíi ti Leonhart Fuchs, tó jáde ní 1542, ya igi ọ̀pọ̀tọ́, àmọ́ ọ̀pọ̀tọ́ ní gbogbogbòò ni wọ́n yà, kí oníṣègùn má baà ṣì í mú. Ọ̀rọ̀ irú kan sí irú kejì kò kàn wọ́n. Àwòrán tí à ń wá ni èyí tó so orúkọ mọ́ ara, tó sì ní ọjọ́.

Giorgio Gallesio ni mo ka sí àgbà nínú iṣẹ́ yìí. Ará Finale ni, ní etíkun Liguria. Wọ́n bí i ní 1772, ó kọ́ òfin, ó ṣe iṣẹ́ ìjọba, ó tilẹ̀ bá àwọn aṣojú Genoa lọ sí ìpàdé ńlá tí wọ́n ṣe ní Vienna lẹ́yìn ogun Napoleon. Ṣùgbọ́n èso ló gba ọkàn rẹ̀. Láti 1817 títí di 1839 tó kú, ó ń tẹ ìwé kan jáde ní Pisa ní díẹ̀díẹ̀, Pomona Italiana ni orúkọ rẹ̀. Gallesio rìn káàkiri Ítálì, ó ń dé oko, ó ń dé ọjà, ó ń bi àwọn àgbẹ̀ ní orúkọ tí wọ́n ń pe èso wọn. Nígbà tó bá wá kọ̀wé lórí ọ̀pọ̀tọ́ kan, ó máa ń sọ orúkọ rẹ̀ ní ìlú yìí àti orúkọ rẹ̀ ní ìlú kejì, á sọ ìgbà tó ń pọ́n, á sọ bóyá ó dára fún sísá. Àwòrán wà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí, èso pẹ̀lú ewé. Wọ́n fín àwòrán náà sára bàbà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú àwọ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ọwọ́ kun ibi tó kù. Ibẹ̀ la ti ń rí Dottato, ibẹ̀ la ti ń rí Brogiotto dúdú. Ẹni tó bá fẹ́ ya àwòrán wọ̀nyí sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ tó bá wọn rìn ti ya ẹ̀rí kúrò lẹ́nu ẹlẹ́rìí. Mo ń tẹnu mọ́ ọn torí pé bí wọ́n ṣe ń tà wọ́n nìyẹn: wọ́n á fa ìwé ya, wọ́n á fi àwòrán sínú gíláàsì fún ògiri pálọ̀, ọ̀rọ̀ Gallesio á sì lọ sínú ààtàn. Ó máa ń dùn mí.

Ní London, ní àsìkò kan náà, William Hooker ń ya èso fún ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́gbà, Horticultural Society, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1804. Ẹ jọ̀ọ́, Hooker yìí kì í ṣe Hooker onímọ̀ ewéko tó di ọ̀gá ọgbà Kew. Ayàwòrán ni tiwa, 1779 ni wọ́n bí i, ó kú ní 1832. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti ra ọ̀dà rí lè ti rí orúkọ rẹ̀ lára rẹ̀, torí òun ni wọ́n fi sọ ọ̀dà aláwọ̀ ewé kan lórúkọ, Hooker's green. Bí wọ́n ṣe ń pò ó nígbà náà ni pé kí wọ́n da oje igi kan tó pọ́n bí ìyeyè, tí wọ́n ń pè ní gamboge, mọ́ búlúù tí wọ́n ń pè ní Prussian blue. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ọ̀dà yìí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù fún àwa tí a kò lè wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Ítálì ni ti Amẹ́ríkà. Ní 1886, ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba wọn dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún èso, wọ́n sì gba àwọn ayàwòrán síṣẹ́ láti máa ya èso tí àwọn àgbẹ̀ bá fi ránṣẹ́. Obìnrin pọ̀ nínú wọn: Deborah Griscom Passmore, Amanda Newton, Ellen Schutt, Mary Daisy Arnold. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Royal Charles Steadman. Wọ́n ń bá a lọ títí di 1942, àwòrán wọn sì lé ní 7,500. Bí ìdajì wọn ni ápù, ọ̀pọ̀tọ́ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó wà wúlò púpọ̀. Fọ́tò aláwọ̀ kò tíì wọ́pọ̀ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, òfin tó ń dáàbò bo ẹni tó mú irú èso tuntun jáde kò sì dé títí di 1930. Àwòrán ọlọ́dà olómi yìí ló dúró bí ìwé ẹ̀rí. Nítorí náà wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ sára rẹ̀: orúkọ irú èso, ibi tó ti wá, ẹni tó fi í ránṣẹ́, nọ́ńbà rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n yà á. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń ya èso lódindi, kí wọ́n tún ya ìlàjì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí a lè rí inú. Láíbìrì ọ̀gbìn ìjọba ní Beltsville, Maryland, ló ń tọ́jú wọn, gbogbo rẹ̀ sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́.

Ó dáa. A ti rí àwòrán. Igi wà ní ẹ̀yìnkùlé. Ṣé kí a kàn gbé ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì ni?

Ohun tí mo ṣe nìyẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ẹnìkan fún mi ní ẹ̀ka mẹ́ta láti ara igi tí bàbá bàbá rẹ̀ gbìn. Kò mọ orúkọ igi náà. Mo gbìn wọ́n, méjì yè. Nígbà tí èso àkọ́kọ́ pọ́n, ó ní ọrùn gígùn, ara rẹ̀ pọ́n mọ́ dúdú. Mo ṣí àwòrán wò títí di òru, mo rí ọ̀kan tó dà bí ẹni pé igi mi gan-an ni wọ́n gbé síwájú ayàwòrán. Ayọ̀ mi kò lópin. Mo kọ orúkọ náà sára igi, mo gé ẹ̀ka fún ènìyàn mẹ́rin, mo kọ orúkọ náà fún àwọn náà. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn èyí, igi náà tún so. Èso kejì yìí rí rúbútú, ọrùn rẹ̀ kò tó nǹkan. Àwòrán tí mo gbé lé e lórí kò jọ ọ́ mọ́ rárá. Mo ní láti pe àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, kí n bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n pa orúkọ náà rẹ́. Inú mi bàjẹ́, torí èmi náà ti di ọ̀kan lára àwọn tó ń fi orúkọ àṣìpè rán igi lọ sí ayé.

Ohun tó ṣì mí lọ́nà ni pé ọ̀pọ̀ igi ọ̀pọ̀tọ́ máa ń so ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Àkọ́so máa ń yọ lára igi tó ti gbó láti ọdún tó kọjá, èso kejì á yọ lára ẹ̀ka tuntun. Lára ọ̀pọ̀ irú, àkọ́so máa ń tóbi jù, ó máa ń gùn jù, inú rẹ̀ sì lè mú àwọ̀ mìíràn. Igi kan, èso méjì. Ẹni tó bá wo àwòrán láìbéèrè èwo ni wọ́n yà, á jìn sí kòtò bíi tèmi. Ibẹ̀ ni ọjọ́ tí àwọn ará Amẹ́ríkà kọ sára àwòrán ti gba ẹ̀mí wa là. Bí ó bá jẹ́ oṣù kẹfà ni èso náà ti California dé, àkọ́so ni. Bí ó bá jẹ́ oṣù kẹsàn-án, èso kejì ni. Ní England, ọ̀pọ̀tọ́ tó wà ní ìta gbangba kì í sábà rí oòrùn tó láti mú èso kejì pọ́n. Nítorí náà, àwòrán ọ̀pọ̀tọ́ ìta láti ibẹ̀, àkọ́so ló ṣeé ṣe jù lọ pé ó jẹ́, àfi tí wọ́n bá sọ pé inú ilé gíláàsì ni igi wà.

Ọ̀rọ̀ agbọ́n tún wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ mi púpọ̀, ẹ fún mi láàyè díẹ̀. Ọ̀pọ̀tọ́ kì í tanná sí gbangba. Òdòdó rẹ̀ wà nínú ohun tí à ń pè ní èso, ó kọjú sínú, ihò kékeré kan péré ló wà ní ìdí rẹ̀, èyí tí àwọn olùgbìn ń pè ní ojú. Agbọ́n kan tí kò tó mìlímítà 3, Blastophaga psenes, ló ń gba ojú yìí wọlé. Inú ọ̀pọ̀tọ́ akọ ló ń gbé, òun ló sì ń gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó dé ọ̀dọ̀ abo. Ọ̀pọ̀tọ́ irú ti Smyrna kò lè gbó kó pọ́n láìsí agbọ́n, èso rẹ̀ á rọ, á já bọ́. Wọ́n kó igi rẹ̀ dé California láàárín 1880 sí 1890, èso ń já bọ́ lọ́dọọdún, títí agbọ́n fi fìdí múlẹ̀ nínú oko George Roeding ní Fresno ní 1899. Irú tó wọ́pọ̀, bíi Dottato, kò nílò agbọ́n rárá. Síbẹ̀ bí agbọ́n bá wọ inú rẹ̀, èso náà yípadà: kóró inú rẹ̀ á gbó, ẹran rẹ̀ tó jẹ́ àwọ̀ oyin á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n.

Ẹ wá rò ó wò. Agbọ́n wà ní Ítálì, kò sí ní England. Ayàwòrán kan la ọ̀pọ̀tọ́ ní Pisa, ó rí pupa, ó ya pupa. Ayàwòrán kejì la èso ara kan náà ní London, ó rí àwọ̀ oyin, ó yà á bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn. Ẹni tó ń fi àwọ̀ inú èso ṣe ìdájọ́ nìkan á ní igi méjì ni. Ooru náà máa ń dá sí i: èso kan náà tó ń pọ́n níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń mú nǹkan tutù lè pupa nínú ju ti àárín ilẹ̀ tó gbóná lọ. Àmọ́ agbọ́n yìí náà ló ń fún wa ní irinṣẹ́. Bí igi rẹ bá ń rọ gbogbo èso rẹ̀ dànù, àkọ́so àti èso kejì, níbi tí kò ti sí agbọ́n, gbogbo àwòrán ọ̀pọ̀tọ́ tí wọ́n so ní England la lè gbé kúrò lórí tábìlì. Igi bẹ́ẹ̀ kò lè so èso pípọ́n kankan síwájú Hooker.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀dà. Gamboge kì í lè bá ìmọ́lẹ̀ jà. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìyeyè á ń parẹ́, búlúù á kù. Ẹ ó rí ewé inú ìwé àtijọ́ tó dà bí ẹni pé wọ́n rẹ ẹ́ sínú aró, ẹ ó sì máa rò pé irú ọ̀pọ̀tọ́ àràmàǹdà kan nìyẹn. Kò sí àràmàǹdà kankan níbẹ̀, ìyeyè ló ti kú. Pupa carmine tí wọ́n ń yọ lára kòkòrò náà máa ń ṣá, inú èso tó ti pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ nígbà kan á wá dà bí omi tíì. Ẹ̀dà ìwé kan sí èkejì pàápàá kò dọ́gba, torí ọwọ́ ni wọ́n fi ń parí àwọ̀ wọn, ọwọ́ ènìyàn sì yàtọ̀ síra. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹnìkan tún wá yà á ní fọ́tò, ó gbé e sórí fóònù, fóònù fi àwọ̀ tirẹ̀ kún un.

Nítorí náà, èmi máa ń fi àwọ̀ ṣe ohun ìkẹyìn. Ìrísí ni mo ń kọ́kọ́ wò, torí ìlà kì í ṣá. Ṣé èso ní ọrùn, ṣé ọrùn náà tẹ́ẹ́rẹ́ ni àbí ó rọra ń fẹ̀ lọ sínú ara? Ṣé ojú rẹ̀ là sílẹ̀ ni àbí ó pa dé? Ọ̀pá tó fi rọ̀ mọ́ igi ńkọ́, ṣé ó gùn? Bí wọ́n bá là á, báwo ni ibi funfun tó wà láàárín èèpo àti ẹran ṣe nípọn tó? Ṣé ihò wà láàárín? Bí àwòrán bá ti kéré tàbí tó ti tóbi sí i lórí kọ̀ǹpútà, ìwọ̀n gígùn rẹ̀ sí fífẹ̀ rẹ̀ kì í yí padà. Mo máa ń fi rúlà wọn èso mẹ́wàá láti ara igi, mo pín gígùn sí fífẹ̀, mo ṣe bákan náà sí ti àwòrán. Iṣẹ́ tó gba sùúrù ni.

Ewé gba ìṣọ́ra tirẹ̀. Igi kan ṣoṣo lè ní ewé tí kò pín rárá, kó ní èyí tó pín sí mẹ́ta, kó tún ní èyí tó pín sí márùn-ún. Ayàwòrán á sì mú èyí tó lẹ́wà jù, tó bá àyè bébà mu. Ewé tó wà ní àárín ẹ̀ka tó ń so ni kí ẹ ká, kó pọ̀ díẹ̀, kí ẹ tẹ́ wọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ wo èyí tó wọ́pọ̀ nínú wọn àti bí ìdí ewé ṣe rí níbi tó ti pàdé ọ̀pá rẹ̀. Àrùn mósáíìkì tó ń bá ọ̀pọ̀tọ́ jà máa ń ba ìrísí ewé jẹ́, ewé tó bá ní àpá yẹn, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Àwọn kan wà tí kò nílò wàhálà yìí. Panachée, tí ìlà ìyeyè àti ìlà àwọ̀ ewé pín ara rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ọmọdé á dá a mọ̀ nínú àwòrán èyíkéyìí. Ìwọ̀nba ni irú wọn.

Lẹ́yìn ọdún tí mo ti ń bá iṣẹ́ yìí bọ̀, ibi tí mo dé ni pé àwòrán àtijọ́ máa ń sọ ohun tí igi kan kì í ṣe fún wa dáadáa ju ohun tó jẹ́ lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wá àwòrán tó jọ igi wọn, wọ́n sì ń rí i, torí ẹni tó ń wá ìjọra kì í wá a tì. Ọ̀nà tó pé ni kí ẹ wá ohun tí kò jọra. Kó gbogbo orúkọ tó ṣeé ṣe jọ, mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, béèrè pé: kí ló wà nínú àwòrán yìí tí igi mi kò lè ní láé? Bí o bá rí i, gbé orúkọ náà kúrò. Ẹni tó máa ran yín lọ́wọ́ jù níbí ni Ira Condit, onímọ̀ ọ̀pọ̀tọ́ ní yunifásítì California. Ní 1955 ó ṣàpèjúwe ohun tó lé ní 700 irú ọ̀pọ̀tọ́, ó sì kọ orúkọ mìíràn tí wọ́n ń pè wọ́n sílẹ̀, pẹ̀lú àwọn ìwé àtijọ́ tó ti yà wọ́n tàbí tó ti sọ̀rọ̀ wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ ló máa ń mú mi láti orúkọ òní dé àwòrán Gallesio. Ní 2003, àjọ méjì kan tó ń rí sí ọ̀gbìn jọ gbé ìwé jáde lórí ohun tó yẹ kí a wò lára ọ̀pọ̀tọ́, láti ojú èso dé ìdí ewé. Bí gbogbo wa bá ń lo ọ̀rọ̀ kan náà fún ohun kan náà, ìjà wa á dínkù.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á béèrè pé: DNA ńkọ́? DNA dára, mo sì fara mọ́ ọn. Àwọn onímọ̀ ti fi wé igi inú oko ìjọba tó wà ní Winters, California, níbi tí wọ́n ń tọ́jú ọ̀pọ̀tọ́ láti ibi púpọ̀ láyé, wọ́n sì ti rí i pé igi kan náà ni àwọn kan tí orúkọ wọn yàtọ̀. Ní 2020, wọ́n ka gbogbo àbùdá Dottato jáde. Ṣùgbọ́n DNA á sọ fún yín pé igi méjì yìí ara kan ni, kò lè sọ orúkọ tí wọ́n ń pè é ní 1820, torí kò sí DNA nínú ọ̀dà. Kí orúkọ àtijọ́ lè dé ọ̀dọ̀ igi òde òní, okùn kan gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn. Okùn bẹ́ẹ̀ máa ń wà nígbà mìíràn: ní òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ẹ̀ka ọ̀pọ̀tọ́ kúrò nínú ọgbà Horticultural Society ní Chiswick lọ sí California. Ẹgbẹ́ tí Hooker yàwòrán fún ló ni ọgbà yẹn. Igi tó bá ti ara ẹ̀ka wọ̀nyí sọ̀kalẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ kò já bọ́ lọ́nà, ni ẹ lè gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán pẹ̀lú ìgboyà, kí ẹ wá fi DNA igi tiyín wé tirẹ̀.

Ní ti igi mi, ọdún mẹ́fà rè é. Mo ti wọn àkọ́so rẹ̀, mo ti wọn èso kejì, mo ti tẹ́ ewé rẹ̀ sórí tábìlì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Orúkọ mọ́kànlá ni mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, mẹ́sàn-án ti kúrò. Nínú méjì tó kù, ọ̀kan bá a mu ní ewé, ó bá a mu ní ọrùn, ojú rẹ̀ ló là sílẹ̀ ju ti àwòrán lọ. Èkejì bá a mu ní ojú, àmọ́ ọ̀pá rẹ̀ gùn jù. Mo ti kọ̀wé sí àwọn tó ní igi tó ní ìtàn pé kí wọ́n jẹ́ kí n fi ewé díẹ̀ wé tiwọn, mo ń retí èsì. Bébà tó wà lára igi náà ní báyìí, orúkọ ẹni tó fún mi ní ẹ̀ka àti ọjọ́ tó fún mi ni mo kọ sí i. N kò tíì kọ nǹkan mìíràn.